Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún Ìmọ́lẹ̀ayọ̀

Ẹni tó bá wá Bàbá Akínrẹ̀mí wá sí ìjọ Aládùúrà wọn ní àdúgbò Abbey ní London, kó má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó wo àárín àwọn tó wọ funfun. Ẹni tí funfun tirẹ̀ bá sọ ti àwọn yòókù di ẹ̀kọ àná, òun ni.

Alágbàfọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì gbé e dé London. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan ní Barking, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ níbẹ̀. Bàbá kò ka ìyẹn sí aṣọ fífọ̀. Ó ní ẹ̀rọ kàn ń da aṣọ láàmú ni.

Sùtánà rẹ̀ kò wọ inú ẹ̀rọ rí. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ. Lẹ́yìn ọṣẹ, búlúù. Lẹ́yìn búlúù, ṣítáàṣì. Omi ìkẹyìn ni yóò da lọ́fínńdà sí, kò sì ní fi omi mìíràn ṣàn án mọ́, kí òórùn náà má baà lọ. Bó bá lọ̀ ọ́ tán, sùtánà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta rọ́ọ̀gì ni ilé ìjọsìn wọn wà. Nígbà tí Bàbá bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, òórùn rẹ̀ á ti wọlé, á ti jókòó.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Bùsọ́lá, ló ń gbé ní Becontree Heath, nínú yàrá ìsàlẹ̀. Bùsọ́lá ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Rush Green. Láyí ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì. Nígbà tí Bùsọ́lá bí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, tó sì gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá ti fi ara rẹ̀ sípò lọ́kàn: òun ni yóò máa mójú tó ọmọ náà bí ìyá rẹ̀ bá padà síṣẹ́. Kò tọrọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti gbà ni. "Ìgbà tí ìwọ bá ti lọ, èmi àtọmọ á kọ́kọ́ jẹun, ká tó jáde." Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ ni kì í ti í tètè dìde lórí ibùsùn. Báyìí, ó ń jí kí ọmọ tó sunkún.

Àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ọmọ náà sú.

Ti òsì kò sú. Ti òsì ń dán bí ẹyin. Ti ọ̀tún pọ́n, ó gbẹ, ó sú wẹ́wẹ́ bí ẹni pé wọ́n wọ́n gàrí sí i. Ó ń yún ọmọ náà. Á máa fi ojú ra aṣọ, á máa họ ọ́ títí awọ á fi bó.

Bùsọ́lá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó wo bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ò bá tíì dáa nígbà tí mo bá ń padà síṣẹ́, ilé ìtọ́jú ọmọ tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò yẹn ni mò ń gbé e lọ. Wọ́n á lè ṣọ́ ohun tó ń kàn án."

"Ṣé èmi ò lè ṣọ́ ọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣáà ń ṣọ́ ọ tó fi sú."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá. Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ ara rẹ̀ di oníṣègùn awọ.

Ó kọ́kọ́ gba kàn-ìn-kàn-ìn kúrò nínú bálùwẹ̀, ó fi aṣọ òwú rírọ̀ rọ́pò rẹ̀. Kò jẹ́ kí omi gbóná mọ́. Ìgúnpá rẹ̀ ló fi ń tọ́ ọ wò, kò gbọdọ̀ ju ìlọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé, ó ní ó le jù fún awọ ọmọ, ó fi í sílẹ̀ fún Láyí. Ó ń gé èékánná ọmọ nígbà tó bá ń sùn. Ìgbà tó yá, ó gbọ́ pé ótì, èyí tí àwọn òyìnbó ń sè bí ògì láàárọ̀, ń tu awọ tó ń yún lára. Ó gún un kúnná, ó dì í sínú aṣọ, ó rẹ ẹ́ sínú omi ìwẹ̀ títí omi fi funfun bíi wàrà.

Alhaja Ṣẹ̀fíátù, aládùúgbò wọn, ọmọ Ẹ̀gbá, rí i láti ẹ̀yìn ọgbà níbi tó ti ń gún ótì.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ wẹ ọmọ ni àbí ẹ fẹ́ sè é?"

"Mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni."

"Ó dáa. Ẹ má gbàgbé iyọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Alhaja gbé òrí wá nínú ike kan. Àbúrò rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Ṣakí.

"Òrí gidi rèé o. Ẹ má fi nǹkan kan pò ó. Mo mọ ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, ẹ ò lè rí nǹkan tó ki kẹ́ ẹ má fi omi là á. Bẹ́ ẹ bá wẹ ọmọ tán, ẹ má nu ara ẹ̀ gbẹ táútáú. Kí ara ẹ̀ ṣì lọ́rinrin díẹ̀, kẹ́ ẹ fi pa á."

Bàbá ṣe bó ṣe wí. Òrí náà sì ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa rọ̀. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ èkejì rẹ̀. Bàbá á gbé ọmọ kọjá níwájú Bùsọ́lá, á kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí i bí ẹni tó ń kiri ọjà. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó tún ti pọ́n díẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ajé, gàrí ti padà síbẹ̀ pátápátá.

"Alhaja, òrí yín ò lágbára mọ́."

"Òrí tèmi ni ò lágbára? Òrí tó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, tó wá ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú bíi Krìsìtẹ́nì? Bàbá, ẹ lọ wádìí ara yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Kò wádìí.

Ọjọ́ Àìkú ni ìsinmi Bùsọ́lá. Ọmọ kì í jẹ́ kó sùn lóru, Láyí sì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, Bàbá á wọ sùtánà, á gbé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kọ́ èjìká òsì, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Abbey. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe fún ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Èjìká náà ni ọmọ máa ń sùn sí, á kọjú sí ọrùn bàbá rẹ̀ àgbà. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á lu agogo, wọ́n á ké halelúyà, ọmọ kò ní jí. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gbà á. Bí wọ́n bá gbà á, gbogbo ilé ìjọsìn ni yóò gbọ́.

Inú ìjọ náà ni Ìyá Àdúrà wà. Òun ló ń ṣáájú àwọn obìnrin nínú àdúrà, ó sì máa ń ríran. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, ó di ojú rẹ̀.

"Ẹ̀mí ń fi obìnrin kan hàn mí. Ó sanra díẹ̀. Kò jìnnà sí ilé yín."

Bàbá ronú. Ó ní àwọn tó sanra díẹ̀ tí wọn kò sì jìnnà sílé òun pọ̀ gan-an ní Becontree Heath, Bùsọ́lá pàápàá wà lára wọn. Ìyá Àdúrà ní òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn ọmọ ọwọ́ wò wá sílé. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà dáadáa. Ó ní ótì yẹn dára, òrí náà dára, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sí òórùn kankan nínú rẹ̀. Ó ní bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, tàbí tí ara ọmọ bá gbóná, kí wọ́n má fi òrí pa á mọ́, kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó wá béèrè pé, kí ló máa ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí?

"Kò sí," ni Bàbá dáhùn. "Èmi nìkan ni."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó béèrè irú ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ aṣọ nínú ilé. Bùsọ́lá gbé e jáde: ọṣẹ tí kò ní òórùn. Aṣọ ọmọ, aṣọ ibùsùn, ìrọ̀rí, òun ló ń fọ gbogbo wọn, ó sì ti kìlọ̀ fún Bàbá kó má fọwọ́ kàn wọ́n. Bàbá lọ gbé ẹ̀wù tó ń wọ̀ nílé wá kí nọ́ọ̀sì gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé aṣọ tó fi ń sùn wá. Ó gbé fìlà wá. Nọ́ọ̀sì ní ó ti tó.

Sùtánà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, nínú ọ̀rá, níbi tó máa ń wà. Kò ronú kàn án. Kò sì parọ́. Aṣọ ni nọ́ọ̀sì béèrè. Aládùúrà wo ló ń pe sùtánà ní aṣọ? Wọn kì í wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ Ọlọ́run kó mú àìsàn kúrò. Ta ni yóò wá lọ wá àìsàn síbẹ̀?

Ó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan. Bàbá ti wọṣọ tán fún ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Òjò ńlá ń rọ̀. Olùṣọ́ Lazarus, tó ń darí ìjọ náà, pè é lórí fóònù pé omi ti wọ ilé ìjọsìn, kò ní sí ìsìn. Bàbá jókòó sórí àga bó ṣe wà, nínú funfun, bí àlejò tí wọn kò fún lóúnjẹ. Ọmọ ń ké. Ó gbé e sí èjìká. Ọmọ sùn.

Nígbà tó jí, tó gbé orí sókè, Bùsọ́lá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìránpọ̀ èjìká sùtánà náà, tí ṣítáàṣì ti sọ di igi, ti fa ilà kan tó gún régé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Nísàlẹ̀ ilà náà, níbi tí sùtánà ti kàn án, ó ti pọ́n, ó ti ń sú. Lókè rẹ̀, níbi tó ti fara ti awọ ọrùn bàbá rẹ̀ àgbà, kò sí nǹkan kan.

Bùsọ́lá nawọ́ sí ilà náà.

"Ooru ni," ni Bàbá wí.

Òjò ń rọ̀ níta. Bùsọ́lá sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa òórùn èjìká rẹ̀ símú. Ó sín.

"Dádì. Kí lẹ fi sí i?"

"Ohun tí mò ń fi sí i látijọ́ náà ni."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Ó níwọ̀n."

Bùsọ́lá tún sín. Ó gba ọmọ rẹ̀. "Ìwà mímọ́ yín ti le jù fún ọmọ yìí, Dádì."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ọjọ́ Àìkú tó kàn ni Ìkórè. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni òun ń padà síṣẹ́. Ilé ìtọ́jú ọmọ ti ní àyè ń bẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí òun bá rí lẹ́yìn Ìkórè ni yóò sọ ibi tí ọmọ máa wà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ìkórè nìyí, ọjọ́ tí Bàbá ń retí láti ọdún tó kọjá. Òun ni wọ́n yàn láti ṣáájú gbogbo ìjọ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso àkọ́kọ́. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yàn án. Wọn kì í sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tó funfun tó o. Ọjọ́ náà ni wọ́n sì fẹ́ dúpẹ́ ọmọ. Kò ṣeé fi sílẹ̀ nílé, kò sì sí èjìká mìíràn tó gbà.

Bàbá kọ́kọ́ fẹ́ dọ́gbọ́n sí ọ̀rọ̀ náà. Ó jáde lọ bá Alhaja lẹ́yìn ọgbà.

"Mò ń rò ó pé kí n dín lọ́fínńdà náà kù. Kí búlúù àti ṣítáàṣì wà bí wọ́n ṣe wà."

"Bàbá, bí ata bá ta sí ẹ lójú, ṣé wàá kàn ní kí wọ́n dín ata náà kù ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹnu mi ló yọ̀. Mo ní, tí ata bá ta sí *yín* lójú."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ṣan gbogbo ẹ̀ dànù."

Ọjọ́ Ẹtì, Bàbá ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀. Ó da omi sínú ọpọ́n ìwẹ̀, ó ri sùtánà sínú rẹ̀, ó fún un. Omi náà di bíi ògì. Ó dà á nù. Ó tún da òmíràn. Ṣítáàṣì ń jáde, búlúù ń jáde, òórùn gba gbogbo ilé dé òkè. Bùsọ́lá ṣí fèrèsé. Kò kan ilẹ̀kùn. Bàbá ń ṣàn án, ó ń dà á nù, títí omi tó ń jáde lára sùtánà fi mọ́ gaara bí èyí tó ń wọlé. Lẹ́yìn náà ló fi díẹ̀ nínú ọṣẹ Bùsọ́lá fọ̀ ọ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn án lákọ̀tun.

Ó sá a síta. Ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí okùn, èjìká rẹ̀ wó. Alhaja yọjú.

"Bàbá, ó jọ pé ara aṣọ yín ò yá."

Bàbá sún mọ́ okùn náà. Ó ń wo aṣọ náà. Funfun ni lóòótọ́, àmọ́ funfun tí ẹnikẹ́ni lè ní ni.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ó pẹ́ díẹ̀ níwájú díńgí. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọmọ.

Ilé ìjọsìn kún. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó, páálí mílíìkì, gbogbo rẹ̀ wà níwájú pẹpẹ. Olùṣọ́ Lazarus rí Bàbá, ó wò ó láti ọrùn dé ilẹ̀. Ó kéré sí Bàbá lọ́jọ́ orí, ó sì fẹ́ fọ̀wọ̀ sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé wọ́n ti ń mú iná lọ ní Becontree Heath náà ni? Mo rí i pé ẹ ò rí aṣọ lọ̀."

"Iná wà," ni Bàbá wí. "Ọ̀rọ̀ ọmọ ló wà ńbẹ̀."

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ẹnì kan ní, "Ẹ wò ó, Bàbá ti di ènìyàn bíi tiwa." Etí Bàbá gbóná. Ó gbé ọmọ sípò dáadáa.

Ìyá Àdúrà ti ń bọ̀. Ó mú ìgò òróró lọ́wọ́, èyí tí òórùn òdòdó rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn sí mi. Òní ló máa parí."

Àwọn ènìyàn ń wò. A kì í kọ òróró àdúrà, pàápàá lọ́jọ́ Ìkórè, pàápàá lọ́wọ́ Ìyá Àdúrà, ẹni tó lè rí ẹni tó kọ̀ nínú ìran lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá fi ọwọ́ bo ojú ọmọ.

"Ìyá, ẹ fi pa èmi."

"Níwájú orí?"

"Rárá o. Ibẹ̀ sún mọ́ ọn jù. Ẹ fi pa mí lẹ́sẹ̀."

"Lẹ́sẹ̀ kẹ̀?"

"Kò síbi tó tún jìnnà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ lára mi."

Wọn kì í wọ bàtà nínú ilé ìjọsìn wọn. Bàbá na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ìyá Àdúrà wo ẹsẹ̀, ó wo Bàbá, ó ń wá ibi tí yóò ti bínú, kò rí i. Ẹ̀rín mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkérora orúnkún, ó ta òróró sí àtàǹpàkò àgbàlagbà náà, ó sì gbàdúrà kí ẹsẹ̀ náà má ṣìnà. Gbogbo wọn ní, "Àmín."

Bàbá gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé ọmọ léjìká òsì, ó ṣáájú. Aṣọ rẹ̀ rún jọ. Ọmọ sùn jálẹ̀.

Nígbà tí Bàbá àti ọmọ délé, Bùsọ́lá gba ọmọ, ó tẹ́ ẹ sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé ọmọ lọ sí ojú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó yí ọmọ padà, ó wo ti òsì, ó tún padà sí ti ọ̀tún. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó tún ń dè é. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ń dán.

Ó gbé ọmọ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Wàrà wà nínú fíríìjì. Òrí wà lórí tábìlì. Tó bá sunkún..."

"Bùsọ́lá, o ti pẹ́."

Ó lọ múra. Ó gbé báàgì, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó dé ẹnu ọ̀nà, kò lè lọ. Ó sáré padà kí ó fi ẹnu ko ọmọ rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Bàbá yí èjìká kúrò.

"Kí lo fi para?"

"Dádì!"

"Mo ń gbóòórùn nǹkan."

"Pọ́fúùmù lásán ni. Iṣẹ́ ni mò ń lọ."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lò ń lọ. Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́ mi. Lọ fọ ojú àti ọrùn ẹ."

Bùsọ́lá wo aago. Ó wo bàbá rẹ̀. Kò jọ pé ó ń ṣeré. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó lọ sí bálùwẹ̀. Bàbá tẹ̀ lé e, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ, ó ń wò ó bó ṣe ń bomi sọ́rùn.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ó wí. "Kò tíì ṣàn tán."